Ìyá Mi Kọ́ Ni Mo Ń Tà, Àpótí Ni

Abẹ́ àtíbàbà iṣẹ́,
Ẹ̀yìn ilé wa.
Ọjọ́rú, kí oòrùn tó mú.

Ọmọ mi àgbà, ìwọ tí ò ń jẹ́ kí n gbé orí sókè láàárín ẹgbẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tó ń gbé lókè yàrá rẹ yẹn, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú àga tí wọ́n máa ń wọ́ kiri lórí rẹ láàárọ̀? Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí máa ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún. Kí ó má jẹ́ kí o kó sínú ìjà tí kì í ṣe tìrẹ, èyí tó bá sì jẹ́ tìrẹ, kí ó fún ọ lágbára láti jà á parí. Àmín. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àdúrà yẹn ṣáájú ni, nítorí ìjà wà nílẹ̀ o, wàá bá a níwájú.

Ìyá rẹ kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti sàn, ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi ẹnikẹ́ni mú, ó sì ti padà sí bó ṣe máa ń sọ fún mi pé mò ń rìn jẹ́jẹ́ jù. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa tún wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, kàlẹ́ńdà tí o rà fún mi ló bá lára ògiri, ó jẹ oṣù mẹ́ta nínú rẹ̀ kí a tó lé e, nítorí náà bí o bá rí i pé mo ṣi ọjọ́ kọ níbì kan, ewúrẹ́ ni kí o bá wí. Páànù tó ń jò lórí pálọ̀ ti di dídí, èmi fúnra mi ni mo gun òkè lọ dí i. Báírò ti gbẹ, pẹ́ńsùlù tí mo fi ń sàmì sára pákó ni mo fi ń kọ èyí, bó bá nípọn jù lójú rẹ, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ó yá, jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀.

Láti àárọ̀ Sátidé tí o ti pè wá pé àwọn ọlọ́jà inú fóònù ti yọ àpótí ìjókòó mi kúrò lórí àtẹ, ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ náà jù mí lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yé mi, bó bá wọ́ níbì kan kí o bá mi tọ́ ọ. Nígbà tí o wá sílé lọ́dún tó kọjá, o ní kí n gbé àpótí kan jáde kí o ya fọ́tò rẹ̀, kí o fi pàtẹ nínú ọjà náà. Mo gbé èyí tó wù mí jù jáde. Mo wá wò ó, mo ní báyìí kọ́ ni wọ́n ń fi àpótí han ènìyàn, àpótí tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá ó lè gba ènìyàn? Èmi ni mo lọ mú ìyá mi, Ìyá Àgbà yín, jáde láti inú yàrá. Wọ́n wọ aṣọ búlúù wọn, wọ́n jókòó lé àpótí, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n sì tẹjú mọ́ fóònù rẹ bí ẹni tó fẹ́ bá a wí. O yà á, o gbé e sínú ọjà, o kọ iye àpótí sábẹ́ rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ti rà nínú irú rẹ̀. Àfi bí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọjà náà ṣe wo fọ́tò yẹn ní Sátidé tó ní ènìyàn là ń tà, tó ní òfin ọjà àwọn kò gba títa ènìyàn, ló bá palẹ̀ àtẹ wa mọ́. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ méje láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n ní bí a ò bá pè é, ṣọ́ọ̀bù náà di títì pa. Ìwọ wá ní, Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, ká kúkú gbé òmíràn síbẹ̀, kí n ya àpótí nìkan.

Ọmọ mi, mi ò gbà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ tán ni pé mo jáde lọ wo ojú ọ̀run bóyá òjò ń bọ̀. Mo rò ó pé bí wọ́n bá ti gbé àpótí mi sọ síta ọjà, ta ni yóò bá mi gbé e wọlé? Igi tí mo dán fún odidi ọ̀sẹ̀ kan! Ìyá rẹ ló ní kí n yíjú wẹ̀yìn. Àpótí náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, Ìyá Àgbà ló jókòó lé e. Mo wò ó, mo tún un wò. Bí àpótí bá wà nílé, kí wá ni wọ́n yọ? Bọ̀dá tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá títì ló ṣàlàyé fún mi pé àpótí wà o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá a nínú ọjà kò ní í rí i mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó sàn kí wọ́n jí i gbé, kí n mọ̀ pé ó wu ẹnì kan.

Mo ní kí Bọ̀dá sọ ilé olórí ọjà fún mi kí n lọ bá a lójúkojú. Ó ní kò sí olórí kan tí mo lè bá, pé ẹ̀rọ ló ń wo fọ́tò. Mo ní ẹ̀rọ tí kò jókòó rí láyé rẹ̀, tí kò ní ìbàdí, tí ẹsẹ̀ ò ro rí, òun ni wọ́n fi ṣe adájọ́ àpótí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. 

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe tèmi ni pé mo sọ fún Ìyá Àgbà. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé èló ni a kọ sábẹ́ fọ́tò náà. Mo sọ ọ́. Wọ́n ní èló? Mo tún un sọ. Wọ́n ní tòun ti aṣọ búlúù yẹn lára àwọn? Mo ní Ìyá, iye àpótí ni. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, láti ọjọ́ náà etí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n ní àwọn ò tún fi ìdí kan àpótí mọ́, kí wọ́n má baà tún rí àwọn gbé lọ sọ́jà.

O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílé yìí. Láti ayé bàbá mi, àpótí kan kì í jáde lábẹ́ àtíbàbà yìí láìjẹ́ pé Ìyá Àgbà jókòó lé e. Bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó rí i pé ìyàwó òun máa ń mọ ohun tí ojú kò rí. Wọn óò jókòó, wọn óò mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọn óò yí ìbàdí sọ́tùn-ún, wọn óò yí i sósì. Bí ẹsẹ̀ àpótí kan bá fi nínípọn ewé kúrú sí èkejì, wọ́n á mọ̀, wọ́n á sì na ọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà gan-an láìbojú wolẹ̀. Bó bá dáa, ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n ń sọ. Wọ́n á ní: Kò mì. Ìgbà yẹn ni mo tó ń fi òróró pa á. Àpótí mẹ́sàn-án ló wà nílẹ̀ tí mo ti kàn tán tí kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn sí. Mo ní kí ìyá rẹ gbà wá. Ó jókòó lé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wàrà-wàrà bí ẹni tó ń ka owó ẹlòmíràn, ó ní gbogbo wọn ló dáa, omi òun wà lórí iná. Èmi náà jókòó lé wọn, ṣùgbọ́n èmi ni mo kàn wọ́n, mi ò lè máa jẹ́rìí ara mi.

Òmíràn tún wà níbẹ̀ tí o kò rò. O rántí pé o ka ohun tí àwọn tó rà á kọ sábẹ́ fọ́tò náà fún mi nígbà kan? Ọ̀kan nínú wọn ní bàbá òun tí ẹsẹ̀ ń dùn ló ń jókòó lé e wẹ̀, pé àpótí náà kò mì rárá. Ẹni tí kò mọ ilé wa, tí kò mọ Ìyá Àgbà rí, ọ̀rọ̀ wọn gan-an ló sọ jáde lẹ́nu! Mo wí i fún wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bí a bá gbé òmíràn síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn yẹn ti lọ nìyẹn, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò kan àpótí rí. Bí a bá sì dákẹ́, a ti gbà nìyẹn pé lóòótọ́ ni mo mú ìyá tó bí mi lọ tà. Níbo ni mo fẹ́ gbé ojú sí?

Ìdí nìyẹn tí a fi lọ pe ẹjọ́ ní Mọ́ńdè. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ síbi pàtàkì, nítorí kóòtù ni mo kà á sí. Mo mú ẹlẹ́rìí méjì dání, télọ̀ tó wà ní òdìkejì ilé wa àti Tíṣà Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, mo sì ru àpótí náà sórí. Ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá kò ju kí ènìyàn mẹ́rin fara kanra lọ, tábìlì kan ló wà níbẹ̀ tí fóònù oríṣiríṣi tò sí, tí a ti ṣí inú gbogbo wọn sílẹ̀. Ìwọ náà wà níbẹ̀ láìmọ̀, nítorí ìgbà yẹn ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù náà wọ fóònù rẹ tí mo pè ọ́ pé kí o kà á fún wa. O béèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe, mo ní kí o ṣáà kà á.

Fọ́ọ̀mù wọn kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Ṣé o rí àwọn ènìyàn yìí? Wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe adájọ́, wọ́n wá ń fura sí èmi. Mo ní kí Bọ̀dá kọ ọ́ síbẹ̀ pé káfíńtà ni mí, mo sì bímọ mẹ́ta. Ó ní kò sáyè fún ìyẹn, kí n ṣáà fi àmì sí i. Wọ́n tún kó fọ́tò mẹ́sàn-án kalẹ̀ pé kí n mú àwọn tó ní kẹ̀kẹ́. Mo mú àwọn tó ní kẹ̀kẹ́, mo mú ọ̀kan tó jẹ́ ojú ọ̀nà nítorí kẹ̀kẹ́ lè gbabẹ̀ kọjá, mo tún mú ibi tí ọkùnrin kan dúró sí, ó jọ ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sílé. Wọ́n ní mo kùnà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùnà. Télọ̀ ló bá mi yege lẹ́ẹ̀kẹrin, bẹ́ẹ̀ kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn.

Wọ́n wá ní kí a sọ ìdí tí a fi pe ẹjọ́, kó má ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lẹ́tà lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá mi ra ayùn rẹ̀ àkọ́kọ́. A ò tíì dé ibi tí wọ́n ti bí mi tí Bọ̀dá fi ní àyè ti tán. Tíṣà ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé àpótí ni ọjà wa, ìyá tó wà lórí rẹ̀ ló ń dán an wò, wọn kì í ṣe títà. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú ìwé, òun àti télọ̀ tẹ àtàǹpàkò sí i, Bọ̀dá sì ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí fọ́ọ̀mù béèrè ẹ̀rí, mo gbé àpótí lé tábìlì. Bọ̀dá kígbe pé kí n sọ ọ́ kalẹ̀, fóònù àwọn oníbàárà òun wà níbẹ̀.

A fi í ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú méjì, ọmọ mi, ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n fi dáhùn pé àwọn ti tún un wò, ìpinnu àwọn kò yí padà. Èmi tí mo kàn án, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wò! Ara mi gbóná. Mo ní bí wọ́n bá rò pé ìdáhùn wàrà-wàrà lè lé mi, wọn ò tíì mọ̀ mí. Télọ̀ ní ká máa lọ sílé, pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n Tíṣà wọ awò ojú rẹ̀, ó gba fóònù, ó sì ka àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ tí kò sẹ́ni tó máa ń kà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ìdájọ́ náà kò bá tún tẹ́ ènìyàn lọ́rùn, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù lè béèrè pé kí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara wò ó, kó mú ẹ̀rí tuntun wá, kí ọjọ́ méje tó pé. Wọ́n ní fọ́tò ọjà nìkan ni àwọn fẹ́ rí. Orúkọ rẹ ló wà lára ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe tèmi. Bó ṣe dọwọ́ rẹ nìyẹn.

Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti sọ fún Ìyá Àgbà nígbà tí mo délé pé fọ́tò àpótí láìsí ènìyàn ni wọ́n ń béèrè. Mo ti múra de ìbínú. Wọn ò bínú. Wọ́n béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀rọ náà rò pé àwọn jẹ́ ara igi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n pe oní-fóònù fún àwọn lọ́jọ́ kejì, kí n sì bá àwọn na aṣọ búlúù sórí okùn.

Àná ni wọ́n jáde, ọ̀pá lọ́wọ́, aṣọ lára.  Wọ́n lọ sídìí àpótí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà nílẹ̀, wọ́n ń jókòó lé wọn níkọ̀ọ̀kan. Kò mì. Kò mì. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹfà, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n na ọwọ́ kan ẹsẹ̀ òsì tó wà lẹ́yìn. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n dìde, ó kúrú lóòótọ́. Mo wo ojú ìyá rẹ, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó lé èyí tó wà nínú fọ́tò, wọ́n ní kí Bọ̀dá ya ọ̀kan. Ó yà á. Mo na ọwọ́ láti gbé wọn dìde, wọ́n gbá a dànù. Wọ́n fi ọ̀pá ti ilẹ̀, wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí fóònù. Wọ́n ní kó ya èkejì. Àpótí nìkan ló wà láàárín fọ́tò náà, ẹ̀yìn Ìyá Àgbà nìkan lò ń rí létí rẹ̀. Wọ́n ní kí o sọ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó pé ohun tí a ń tà ni èyí tí kò lè dìde tẹ̀lé àwọn.

Ọmọ mi, mo sunkún. Mo tijú fún Bọ̀dá, mo ní èérún igi ló bọ́ sí mi lójú.

Bọ̀dá ti fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ti lọ nínú méje, ara ògiri ni mo ń fa ìlà rẹ̀ sí, ewúrẹ́ kò lè jẹ ìyẹn. Dẹ́rẹ́bà tó máa mú lẹ́tà yìí bọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́la. Má jẹ́ kó di Sátidé. Kọ ọ́ sí ènìyàn náà bó ṣe rí, má bẹ̀ ẹ́, sọ fún un ni, kí o to fọ́tò méjèèjì tẹ̀ léra wọn, èyí tí wọ́n jókòó ṣáájú, èyí tí wọ́n dìde tẹ̀ lé e. Má gbé òmíràn síbẹ̀ o. Bí wọ́n bá tún kọ̀, béèrè ibi tí ọ́fíìsì wọn wà, mo ti di ẹrù mi, mo ti pọ́n ayùn sílẹ̀ fún ẹni tí yóò máa bá mi ṣe iṣẹ́ títí n ó fi dé.

Bó bá rọrùn fún ọ, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Dátà Bọ̀dá la lò ní ọjọ́ méjèèjì, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ojú ń tì mí. Òróró tí mo fi ń pa igi ti ń lọ sópin, ìpara orúnkún ìyá rẹ náà bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà ní láti ìsinsìnyí lọ, nínú gbogbo àpótí tí o bá tà, àwọn fẹ́ owó ìjókòó tiwọn lọ́tọ̀, iṣẹ́ ni àwọn ń ṣe, gbogbo ayé sì ti rí i. Ọwọ́ àwọn ni wọ́n fẹ́ gbà á sí o, kì í ṣe báǹkì. Wọ́n gbọ́ pé báǹkì náà máa ń ya fọ́tò ènìyàn kí wọ́n tó gba owó rẹ̀, wọn ò mọ ibi tí ìyẹn yóò tún gbé tiwọn pàtẹ sí.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní í di ohun tí wọ́n ń gbé sọ síta. Ibi tí o bá jókòó sí, wọn ò ní í ní kí o dìde fún ẹlòmíràn. Ẹni tí yóò wo ọ̀rọ̀ rẹ, kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì ń bẹ láyé, tàbí ẹni tó ń rántí tirẹ̀ dáadáa. Wàá pè wá, ohùn rẹ yóò sì jọ ti ẹni tó borí.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé o. Àpótí tí mo so lẹ́tà yìí mọ́, òun ló wà nínú fọ́tò. Kì í ṣe títà, tìrẹ ni. Ìyá Àgbà ló ní kí n gbé e fún dẹ́rẹ́bà, wọ́n ní orí bẹ́ẹ̀dì ni o máa ń dọ̀bálẹ̀ sí kọ ìwé, kí o jókòó dáadáa kọ èyí. Wọ́n tún jókòó lé e wò láàárọ̀ yìí kí n tó fi okùn dì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa ti mọ̀. Kò mì.